Ẹ̀bẹ̀ àdúrà lè pa ẹni tí à ń gbàdúrà fún lára

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ìjọ káàkiri ayé máa ń ya Ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ láti gbàdúrà fún àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí. Ọjọ́ kejì oṣù yìí kan náà ni àwọn Kátólíìkì máa ń rántí gbogbo olóògbé. Ẹ̀bẹ̀ àdúrà á pọ̀ lórí pẹpẹ nígbà náà, á sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sílẹ̀ nínú ìjọ fẹ́ fi lẹ́tà yìí bẹ àwọn òǹkàwé yín pé kí a tún ọwọ́ wa ṣe lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí a kọ láìbìkítà ń dá kún ẹrù àwọn tí a fẹ́ bá gbé e.

Ọjọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù. Ọ̀pọ̀ yín ni yóò ti rí ìkéde kan tó ní àwọn míṣọ́nnárì 22 ni wọ́n máa pa ní ọ̀sán ọ̀la ní Afghanistan, pé kí ẹni tó bá rí i tètè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọ̀la èwo? Ọ̀rọ̀ náà ti ń kiri láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kò sì sí déètì kankan lára rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó sún mọ́ ọn jù ni ti àwọn Kristẹni 23 ará Gúúsù Kòríà tí àwọn Taliban jí gbé lójú ọ̀nà ní ẹkùn Ghazni ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, 2007. Wọ́n pa ọkùnrin méjì nínú wọn. Kí oṣù Kẹjọ ọdún náà tó parí, wọ́n ti tú àwọn 21 yòókù sílẹ̀. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lónìí pé kí wọ́n má pa ẹnikẹ́ni ń bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ti parí, àmọ́ ẹbí àwọn ọkùnrin méjì yẹn, tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní tòótọ́, kò sí nínú àdúrà rẹ̀ rárá.

Lórí WhatsApp, ọfà méjì tó tẹ̀lé ara wọn lórí ìkéde ń sọ fún ni pé ó kéré tán, wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Ohun tó bá gbé àmì yẹn wọlé, kò yẹ kí a kà á lórí pẹpẹ títí a ó fi rí ẹni tó mọ ẹbí náà tàbí ìjọ náà fúnra rẹ̀. Bí a kò bá rí i, kí a gbàdúrà fún àwọn Kristẹni ìlú tí wọ́n dárúkọ lápapọ̀, kí a sì fi orúkọ àti iye ènìyàn sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tó dára kì í gùn, ìlà mẹ́fà ti tó o. Ta ni, ní orúkọ tí ẹbí gbà pé kí a pè é. Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀, ní gbólóhùn kan ṣoṣo, láìṣàpèjúwe ọgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀. Kí ni àwọn fúnra wọn fẹ́ kí a bèèrè. Ta ló fún wa láṣẹ láti kà á. Ọjọ́ wo ni a ó tún padà lọ béèrè bí nǹkan ṣe rí. Ìlà kẹrin ni a máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ẹ̀bẹ̀ náà. A máa ń rò pé a mọ ohun tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń fẹ́. A ó kọ ọ́ pé "kí Olúwa tu opó náà nínú", nígbà tó jẹ́ pé ohun tí obìnrin náà ń sùn tó ń jí sí ni kí àwọn ẹbí ọkọ má lé e jáde kúrò nínú ilé kí ọmọ rẹ̀ tó parí ìdánwò WAEC. Bí a bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àdúrà wa á ní ẹsẹ̀: alàgbà kan lè lọ bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn lè san owó ìdánwò.

Bákan náà ni fún àwọn tó wà lókè òkun. Ní Eritrea, láti oṣù Karùn-ún 2002, ìjọba ti ti gbogbo ìjọ pa àyàfi Ọ́tódọ́ọ̀sì, Kátólíìkì àti Lútẹ́rà, àwọn tí wọ́n mú níbi ìpàdé àdúrà nínú ilé sì ti wà látìmọ́lé fún ọdún gbọọrọ láìfojú ba ilé ẹjọ́. "Olúwa, ran àwọn ará wa ní Áfíríkà lọ́wọ́" kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ dárúkọ ìlú náà. Ẹ gbàdúrà fún ẹni tó wà nínú túbú, fún aya tó ń ru oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà túbú láìmọ̀ bóyá wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, fún wọ́dà tó ń ṣọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé kí a gbàdúrà kí àwọn lè sá kúrò níbẹ̀. Agbára láti dúró ni wọ́n máa ń béèrè. Bí a kò bá béèrè lọ́wọ́ wọn, àdúrà tí a máa gbà fún wọn á yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà.

Ìwé tí a ń kọ ọ́ sí náà ní ètò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ibi tí a lè kà á dé: pẹpẹ, ìpàdé àdúrà nìkan, tàbí ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn nìkan. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló máa yàn. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, kí a kọ́kọ́ fi sí ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn nìkan, nítorí ohun tí a kò tíì kà lónìí, a lè kà á lọ́la, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde lẹ́nu kò ṣeé kó padà. Tákàdá tí wọ́n há fún àwọn aládùúrà, ẹ ka iye rẹ̀ kó tó jáde, ẹ tún ka iye rẹ̀ nígbà tó bá padà, kí ẹ sì dáná sun ún. Èyí tí a bá gbàgbé sórí àga lè bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọ́n àkàrà. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ti ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra tó ga.

Ibi tí ìṣọ́ra yìí ti ń gba ẹ̀mí là ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ajínigbé gbé. Ẹ má ṣe kọ iye owó ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń béèrè sínú ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Ẹ má kọ iye tí ìjọ ti dá, tàbí ilé tí wọ́n fẹ́ tà, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London, tàbí orúkọ ẹni tó ń bá wọn dúnàádúrà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé owó ń wọlé, iye tí wọ́n ń béèrè á gbéra sókè. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́? Fóònù ẹni tí wọ́n gbé wà lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ sì wà lórí fóònù náà. Ẹni tó ń kọ "Ẹ̀yin ará, a ti rí mílíọ̀nù mẹ́ta" síbẹ̀ ń kọ ọ́ sí àwọn ajínigbé gan-an. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún alábòójútó ẹgbẹ́ náà, kódà kó tó kéde àdúrà, ni láti yọ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n gbé kúrò, kó sì ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Kí ẹ̀bẹ̀ náà máa ti ẹnu dé etí. Bí ẹni tí wọ́n gbé bá jẹ́ pásítọ̀, sójà, ọlọ́pàá, tàbí ẹni tó kúrò nínú ẹ̀sìn mìíràn wá sínú ìgbàgbọ́, ẹ má ṣe kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tó ń fi pamọ́ fún wọn nínú igbó nìyẹn.

Fídíò kò gbọdọ̀ bá ẹ̀bẹ̀ àdúrà rìn. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Christ Apostolic Church ní Eruku, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 2025, ìsìn ń lọ lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ìkọlù náà sì gba ìgboro. Ẹ rò ó wò: ẹbí ẹni tó kú rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ lórí fóònù àjèjì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "ẹ gbàdúrà fún wọn" lábẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan tó láti fi gbàdúrà. Wọ́n tú àwọn 38 tí wọ́n gbé lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti tú ènìyàn sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń fa ìlà sí orúkọ náà pé "Ọlọ́run ti dáhùn". Ẹni tó bá ti igbó dé kì í rí oorun sùn, ìró alùpùpù á máa já a láyà, òmíràn kò ní lè wọ ilé ìjọsìn fún oṣù díẹ̀. Ẹ má fà á lọ sórí pẹpẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti wá jẹ́rìí. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé fún oṣù mẹ́fà sí i, kí ẹ sì yí ohun tí ẹ ń bèèrè padà: oorun, ìwòsàn ara, iṣẹ́ tó dúró, gbèsè tí ẹbí jẹ nígbà tí wọ́n ń wá owó. Ẹ má sì gbàgbé ẹbí àwọn tí wọ́n pa ní ọjọ́ náà. Ọpẹ́ àti ọ̀fọ̀ máa ń pàdé nínú ìjọ kan náà ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń darí ìsìn dárúkọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìran wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fò ó. Ohun tí wòlíì rí kì í ṣe ìròyìn. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun rí i pé ẹni tí wọ́n gbé ti kú, tàbí pé ó wà láàyè lábẹ́ igi kan báyìí, ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn ni kó mọ. Bí ó bá dé etí ìyá, ìyá á ṣọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó kó owó ìtúsílẹ̀ fún ẹni tó ní òun ríran. Èyí tó burú jù ni ti ilé ọ̀fọ̀, níbi tí ìran ti ń tọ́ka sí ìyá ọkọ tàbí orogún pé ọwọ́ rẹ̀ ni ikú náà ti wá. Ilé tí ikú fọ́ tẹ́lẹ̀, àdúrà á tún fọ́ ọ. Kókó àdúrà tó bá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò yẹ kó wọ ìwé náà rárá.

Ẹni tó yí padà wá sínú ìgbàgbọ́ láti inú ilé tí kò fẹ́ ẹ, ìwọ̀nba ènìyàn ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orúkọ, àdúgbò, ilé ìwé, iṣẹ́ bàbá rẹ̀, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀: bí méjì nínú márùn-ún yìí bá pàdé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. "Arábìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọ̀ ọ́" ti tó fún Ọlọ́run. Kí a má sì bú bàbá náà nínú àdúrà. Láàárín àwa Yorùbá, àbúrò lè jẹ́ Kristẹni kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ náà sì ń fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ kan. Ẹ gbàdúrà kí ilẹ̀kùn yẹn má tì pa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún ibi tí wọ́n kọlù. Agbébọn ni kí a pè wọ́n bí a kò bá tíì mọ̀ wọ́n. Kí a má fi orúkọ ẹ̀yà kan rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni ẹ̀yà yẹn lè wà ní òpópónà kejì tó ń ta àlùbọ́sà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìjà ilẹ̀ ni inúnibíni. Àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, 2014, Kristẹni ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ìyá àwọn náà sunkún.

Nísinsìnyí, ilé ọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni a rò pé a mọ̀ jù, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni kú ọ̀fọ̀ láàárín wa. Nígbà tí òbí bá pàdánù ọmọ, òkú ọ̀fọ̀ ni. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan á ti dìde tí á pariwo pé "A ò ní fojú sunkún ọmọ!", gbogbo ilé á sì dáhùn pé "Àmín!" Ìyá tó jókòó lórí ẹní ńkọ́? Òun ti fojú sunkún ọmọ. Àdúrà tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀ ti di ti àwọn àlejò, pé kí ohun tó ṣe é má ṣe wọ́n. "Ikú àìtọ́jọ́ kì í ṣe ìpín wa" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò". Ọmọ tó lọ ní orúkọ tirẹ̀. A mọ̀ pé àṣà ni, pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, àti pé ẹ̀rù ikú ló ń bà á. Kó gba àdúrà náà nílé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jóòbù pé Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló sọ ọ́. Àwọn àlejò kọ́ ló sọ ọ́ fún un.

Àdúrà tó bá ilé ọ̀fọ̀ mu kúrú. "Olúwa, gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ yìí. Jẹ́ kó rí oorun sùn lálẹ́ òní. Jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni, kì í ṣe ti gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ohun tó máa ń nira fún àwa aládùúrà jù. Ọjọ́ méje àti òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi bá a jókòó láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níkà. Bí ilé náà bá jẹ́ ti Kátólíìkì, wọ́n lè fẹ́ kí a gbàdúrà fún ẹni tó kú, kí a sì gbé Míísà kalẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ìjọ yòókù kì í gbàdúrà fún òkú. Kí ẹni tó wá láti irú ìjọ bẹ́ẹ̀ gbàdúrà fún àwọn tó kù, kó má sì sọ ilé ọ̀fọ̀ di ibi ìjiyàn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ilé á kún. Omi inú ọ̀rá àti ìrẹsì á pọ̀ ju ẹnu lọ. Bí wọ́n bá ti tú kánópì tí wọ́n kó àga lọ, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ilé náà máa ń dá rọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé àdúrà. Kí a kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kẹjọ, ogójì ọjọ́, oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọdún kan, Kérésìmesì àkọ́kọ́, ọjọ́ ìbí olóògbé, ọjọ́ tí ilé ìwé máa wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹnìkan tó máa pe ilé náà tàbí tó máa dé ibẹ̀. Ẹ má kọ "ìjọ", nítorí bí a bá kọ "ìjọ", kò sí ẹni tó máa lọ.

Ìpàdé àdúrà fúnra rẹ̀ gba ìṣirò. Ẹ̀bẹ̀ ogójì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú kan kò kan ẹnikẹ́ni. Kíka orúkọ lásán ni. Mẹ́fà ni wákàtí kan gbà: ìṣẹ́jú méjì láti kà á, mẹ́fà láti gbàdúrà, méjì láti dákẹ́. Ìyókù kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí kí a pín wọn fún àwọn aládùúrà, mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní òpin wà. Leah Sharibu jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, 110 lápapọ̀, ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe, ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, 2018. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. Wọ́n dá Leah dúró nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi àhesọ ti ń jáde nípa rẹ̀. Àhesọ kì í wọ ìwé àdúrà. Ohun tó wọ ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, orúkọ àwọn òbí rẹ̀, àti ọjọ́ 19, oṣù Kejì, lọ́dọọdún, yálà ìròyìn tuntun wà tàbí kò sí.

Ní Ọ̀wọ̀, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2022, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 olùjọsìn, tọmọdé tàgbà, ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis, Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Ọjọ́ oṣù náà kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń rìn: ní 2023, ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún ni, ní 2025, ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ní 2027 yóò bọ́ sí ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún. Nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń kọrin Ẹ̀mí Mímọ́ ní Pẹ́ńtíkọ́sì, ìsìn yẹn gan-an ni àwọn ẹbí wọ̀nyí ń rántí. Nígbà tí ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, bá tún dé, wọ́n á rántí lẹ́ẹ̀kejì. Olóòtú, bí ẹ bá ń tẹ ìrántí Ọ̀wọ̀ jáde, ẹ bá wa tẹ ọjọ́ méjèèjì.

Àwa akọ̀wé àdúrà láti inú ìjọ mélòó kan,
Ìbàdàn.